Bí a ṣe ń wọn inú ọ̀pá ìbọn ológun àtijọ́ kí a tó yan ọta tí a ó fi di kátíríìjì rẹ̀

Ẹni tó bá ra ìbọn ológun tó ti lo ọgọ́rin ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì fẹ́ máa di kátíríìjì rẹ̀ (ìkarahun idẹ tó gba ọta, ẹ̀tù, àti páímà tó ń dáná sí ẹ̀tù) fúnra rẹ̀, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ìbọn náà kò sọ bí inú ọ̀pá rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó lónìí. Mo ti wọn ìbọn Lee-Enfield méjì tí orúkọ wọn jọra, tó jẹ́ pé ọdún kan náà ni wọ́n ṣe wọ́n, síbẹ̀ inú ọ̀kan fi ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì fẹ̀ ju ti èkejì lọ. Ìyàtọ̀ yẹn kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ló ń pinnu bóyá ọta márùn-ún yóò bọ́ sí ibi tí àtẹ́lẹwọ́ lè bò mọ́lẹ̀, tàbí wọn yóò fọ́n káàkiri pátákó. Bí àṣìṣe náà bá sì wá láti apá kejì, tí ọta fi ju inú ọ̀pá lọ, ìfúnpá inú ìbọn lè ga débi tí yóò fi ṣe ẹni tó ń yìn ín léṣe. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí léèrè pé kí wọ́n wọn ọ̀pá ìbọn tiwọn kí wọ́n tó ra ọta kankan.

Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, àwọn ọmọ Yorùbá tó ń yin ìbọn ní pápá ìdánrawò níhìn-ín ni mo sì ń kọ èyí fún, nítorí òfin ìjọba àpapọ̀ gba ẹni tí kò lòdì sí òfin pé kó ní ìbọn láyè láti di kátíríìjì fún ìlò ara rẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ní òfin tirẹ̀ lórí ẹ̀tù àti páímà, nítorí náà ẹ yẹ ti ìpínlẹ̀ yín wò. Ní Britain, ìwé àṣẹ ìbọn yín ló ń sọ irú kátíríìjì tí ẹ lè ní àti iye tí ẹ lè kó jọ. Ní Nàìjíríà, òfin kò gba aráàlú láyè láti máa ṣe ọta ìbọn nílé, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé iṣẹ́ yìí dé ibẹ̀.

Ohun tó wà nínú ọ̀pá ìbọn

Ẹni tó bá mọ oko iṣu yóò tètè lóye rẹ̀. Àwọn tó ṣe ìbọn náà kọ́kọ́ lu ihò gbọọrọ kan láti ìdí ọ̀pá dé ẹnu rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gbẹ́ ilà tó ń lọ́ bí okùn sára ihò náà kí ọta lè máa yí bó ṣe ń jáde. Ibi tí wọ́n gbẹ́ ni mo ń pè ní poro, ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ tó yọ sókè ni mo ń pè ní ebè. Ìbú méjì ló wà nínú ọ̀pá kan náà nígbà náà: èyí tí a wọ̀n láti orí ebè dé orí ebè, àti èyí tí a wọ̀n láti ìsàlẹ̀ poro dé ìsàlẹ̀ poro. Ìbú poro ló kan ẹni tó ń di kátíríìjì, nítorí pé ọta gbọ́dọ̀ kún poro dé ìsàlẹ̀. Bí kò bá kún un, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ti ara ẹ̀tù jáde yóò gba ẹ̀gbẹ́ ọta kọjá, yóò máa jẹ ara òjé bí iná ṣe ń jẹ ìda, ọta náà kò sì ní yí dáadáa.

Orúkọ tí àwọn orílẹ̀-èdè fún ìbọn wọn ló sì máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà jù. Nọ́ńbà .303 tó wà lára ìbọn Lee-Enfield àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìbọn tí ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa gbé lọ sí Bọ́má nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà nígbà Ogun Hitler, ìbú ebè ni. Ọta tí wọ́n ń tà fún un jẹ́ 0.311 tàbí 0.312 íǹṣì, bẹ́ẹ̀ ni poro ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbọn wọ̀nyí fẹ̀ tó 0.313 tàbí 0.314, tí àwọn míì sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbọn Mosin-Nagant ti Rọ́ṣíà náà ń jẹ́ 7.62 mílímítà, ìyẹn 0.300 íǹṣì, ìbú ebè kan náà ni, ọta 0.310 tàbí 0.311 ló sì bá púpọ̀ nínú wọn mu. Ẹni tó bá rò pé 7.62 ti Rọ́ṣíà àti 7.62 ti Amẹ́ríkà jẹ́ ọ̀kan náà yóò lọ ra ọta 0.308, yóò sì máa di ẹ̀bi ìyìnkuyìn ru ìbọn rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ náà lè tún díjú sí i, àwọn ará Finland fi ọ̀pá tuntun sí ọ̀pọ̀ Mosin tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Rọ́ṣíà, àwọn kan nínú ọ̀pá wọ̀nyẹn sì fún tó 0.308 sí 0.309. Ìbọn méjì tó jọ ara wọn lójú, ọta kan náà kò bá wọn mu.

Ti Jámánì ló léwu jù, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀. Ìbọn Gewehr 88 tí wọ́n gbà wọlé ní ọdún 1888 ń lo ọta 0.318 íǹṣì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n yí padà sí ọta onímú ṣóńṣó tó jẹ́ 0.323, òun sì ni Mauser 98 àwọn ọmọ ogun Jámánì ń lò láti ìgbà náà. Èdè ọjà ń pe méjèèjì ní 8 mílímítà. Bí a bá yin ọta 0.323 gba inú ọ̀pá tó jẹ́ 0.318, ìyàtọ̀ ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì ni a ń fi agbára fún mọ́ra, ìbọn àtijọ́ náà kò sì ní irin tó le tó ti òde òní. Nítorí ewu yìí ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kátíríìjì 8x57 ní Amẹ́ríkà ṣe máa ń dín agbára rẹ̀ kù gan-an sí ti ilẹ̀ Yúróòpù. Lẹ́tà S tí ẹ lè rí lórí díẹ̀ nínú àwọn Gewehr 88 fi hàn pé wọ́n tún un ṣe kó lè gba kátíríìjì tuntun, ṣùgbọ́n èmi kò ní gbẹ́kẹ̀ lé lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára irin nígbà tí mo lè wọn inú irin náà fúnra mi. Ìbọn Steyr M95 tí wọ́n tún ṣe fún kátíríìjì 8x56R náà ń jẹ́ 8 mílímítà, síbẹ̀ ọta tirẹ̀ jẹ́ 0.329 sí 0.330.

Carcano ti Ítálì dojú kọ ìṣòro mìíràn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọta 6.5 mílímítà tó kún ṣọ́ọ̀bù jẹ́ 0.264, èyí sì bá Mauser ti Sweden mu dáadáa, àmọ́ poro Carcano wà ní nǹkan bí 0.267 sí 0.268. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn fi ń bú Carcano pé ìbọn yẹpẹrẹ ni, nígbà tó jẹ́ pé ọta tó kéré jù ni wọ́n ń fi yìn ín.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

Maikirómítà (irinṣẹ́ tí a ń yí láti wọn ìbú ohun kékeré) ni ẹ nílò, kì í ṣe kálípà (irinṣẹ́ ìwọ̀n tí a ń fà). Kálípà dára fún gígùn kátíríìjì, ṣùgbọ́n ó lè fi ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì ṣìnà láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, ìdá kan yẹn gan-an sì ni a ń wá. Maikirómítà tó lè ka ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá íǹṣì kò wọ́n jù, ẹ sì lè fi ọta tuntun tí ìwọ̀n rẹ̀ wà lára páálí yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń sọ òótọ́. Ẹ wá òjé kíkìdá tí kò ní àdàlù, bí irú òjé ìpẹja olóbìírí tó ní ihò láàrin tàbí ọta òjé roboto ti ìbọn àkìsórí, tó fi ìdá mẹ́wàá sí ogún nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì tóbi ju poro lọ. Fún ìbọn .303 tàbí Mosin, òjé tó wà láàrin 0.320 sí 0.330 ló dára. Òjé líle tí wọ́n fi ń da ọta kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó máa ń padà fẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tó bá jáde, yóò sì parọ́ fún yín.

Ẹ tún nílò ọ̀pá idẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ihò ìbọn, òòlù onígi tàbí ti rọ́bà, epo ẹ̀rọ, aṣọ rírọ̀, àti ìwé àkọsílẹ̀.

Ẹ má ṣe lo ọ̀pá onígi. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo wọn Mosin mi, igi roboto tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù kápíńtà ni mo lò, igi náà sì là gbọọrọ nígbà tí mo lù ú. Apá méjèèjì yọ́ gun ara wọn, wọ́n há mọ́ inú ọ̀pá bí èèkù, ó sì gbà mí ní odindi ọjọ́ Sátidé kan kí n tó fa gbogbo rẹ̀ jáde. Bí ọ̀pá irin ló bá sì jẹ́, ó lè ha orí ebè ní ẹnu ìbọn, ibẹ̀ sì ni ọgbẹ́ kékeré ti ń ba ìyìn jẹ́ jù. Idẹ rọ̀ ju irin ìbọn lọ, kò sì là bí igi.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ rí i dájú pé ìbọn ṣófo

Ẹ yọ bóòtù, ìyẹn irin tí a ń fà sẹ́yìn ní ìdí ìbọn, kúrò pátápátá. Ẹ yọ ilé ọta tó wà nísàlẹ̀ bí ó bá ṣeé yọ. Ẹ wo inú ọ̀pá láti ìdí, kí ẹ rí ìmọ́lẹ̀ ní òdìkejì. Ẹ kó gbogbo kátíríìjì, ẹ̀tù àti páímà kúrò lórí tábìlì tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ yìí.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fọ inú ọ̀pá dé ara irin

Bí ìdọ̀tí bá wà ní poro, òjé yóò wọn ìdọ̀tí, kò ní wọn poro. Ìbọn ológun sábà máa ń ní bàbà tó ti ara ọta lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ ó sì nílò oògùn tó ń tú bàbà, kì í ṣe èyí tó ń fọ èéfín ẹ̀tù nìkan. Ẹ fi oògùn náà sí i, ẹ jẹ́ kó jókòó fún àkókò tí wọ́n kọ sára ìgò, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n, ẹ fi aṣọ nù ún, kí ẹ tún ṣe é títí aṣọ kò fi ní mú àwọ̀ búlúù tàbí àwọ̀ ewé jáde mọ́. Ó lè gba alẹ́ mẹ́ta. Páímà ayé àtijọ́ máa ń fi iyọ̀ tó ń fa omi mọ́ra sílẹ̀ nínú ọ̀pá, iyọ̀ yìí ló sì ń fa ìpẹtà, nítorí náà ẹ lè bá ibi tí ara irin ti dá ihò wẹ́wẹ́ sí. Ihò wẹ́wẹ́ díẹ̀ kò ní kí ẹ ju ìbọn nù, ṣùgbọ́n ẹ kọ ibi tó wà sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ti òjé gba inú ọ̀pá

Ẹ fi epo díẹ̀ pa inú ọ̀pá àti ara òjé. Ẹ gbé òjé lé ẹnu ìbọn, kí ẹ rọra fi òòlù lù ú wọlé títí orí rẹ̀ yóò fi bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Òrùka òjé tínrín kan yóò gé kúrò lára rẹ̀ bó ṣe ń wọlé. Àmì rere ni, ó fi hàn pé òjé náà tóbi tó láti kún poro. Bí òrùka kankan kò bá gé, ẹ lọ wá òjé tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọ̀pá idẹ tì í lọ síwájú pẹ̀lú lílù kéékèèké tó ń tẹ̀ léra, kì í ṣe lílù ńlá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi ọwọ́ yín mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀: ibi tí òjé ti ń yọ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni ọ̀pá ti fẹ̀, ibi tó ti ń dúró ni ó ti fún. Èmi máa ń fi téèpù sàmì sára ọ̀pá idẹ ní ibi tí ọwọ́ mi bá ti mọ ìyàtọ̀, kí n lè mọ bó ṣe jìnnà sí ẹnu ìbọn. Ẹ tẹ́ aṣọ rírọ̀ sí ìdí ìbọn kí òjé má bàa já lu irin nígbà tó bá jáde.

Ọ̀pọ̀ Mosin ni wọ́n ti gbẹ́ ẹnu wọn wọlé díẹ̀ nígbà àtúnṣe, torí pé ọ̀pá ìnubọn àwọn ọmọ ogun ti jẹ ẹnu náà. Níbẹ̀, kò sí ebè tàbí poro ní ibi àkọ́kọ́ yẹn, òjé yóò sì wọlé láìsí wàhálà kankan kó tó dé ibi tí ilà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí tàn yín pé ọ̀pá náà ti jẹ tán.

Ẹ mú òjé kejì, kí ẹ fi í wọn apá ìdí. Ẹ tì í láti ẹ̀yìn wọlé dé nǹkan bí ìka mẹ́rin kọjá ibi tí ilà ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀pá láti ẹnu ìbọn tì í padà. Ìwọ̀n méjèèjì máa ń yàtọ̀. Nínú ìbọn .303, ẹ̀tù kọ́dáìtì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò gbóná púpọ̀, ó sì máa ń jẹ ọ̀fun ìbọn, ìyẹn ibi tí ọta ti ń fi kátíríìjì sílẹ̀ kó tó wọ inú ilà, ju ibikíbi mìíràn lọ.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wọn òjé náà

Ẹ nu epo kúrò. Ẹ ó rí i pé òjé ti mú àwòrán inú ọ̀pá, ṣùgbọ́n ní òdìkejì: ibi tó yọ sókè lára òjé ni poro, ibi tó jin wọlé ni ebè. Ẹ wo orí ibi tó yọ sókè bóyá ó mú àmì irin láti eteetí dé eteetí. Bí ó bá ṣì ń dán bí ìgbà tí ẹ rà á, kò kan ìsàlẹ̀ poro, ìwọ̀n rẹ̀ yóò sì kéré sí òtítọ́.

Bí poro bá jẹ́ méjì, mẹ́rin tàbí mẹ́fà, iṣẹ́ náà rọrùn, torí pé poro kọjú sí poro. Mosin, Mauser àti Carcano ní mẹ́rin. Àwọn Lee-Enfield No. 4 kan tí wọ́n ṣe nígbà ogun kejì àti àwọn Springfield 1903A3 ti Amẹ́ríkà kan ní méjì péré. Ẹ gbé òjé sáàrin ẹnu maikirómítà, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ kọ ìwọ̀n tó ga jù sílẹ̀, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta.

Lee-Enfield tó wọ́pọ̀ àti M1917 ti Amẹ́ríkà ní poro márùn-ún, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Poro kọjú sí ebè, maikirómítà ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ yóò sì ka iye tó kéré ju òtítọ́ lọ. Maikirómítà kan wà tí ẹnu rẹ̀ rí bí lẹ́tà V, tí wọ́n ṣe fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbọn.303 ju ẹyọ kan lọ yóò jèrè rẹ̀. Ẹni tí kò ní i lè gé irin pẹlẹbẹ tínrín kan tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì, kó fi wé ara òjé pinpin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìjẹ́ kó gun ara rẹ̀, kó wọ̀n ọ́n, kó sì yọ ìdá méjì kúrò nínú ohun tó kà. Irin tínrín náà yóò ṣe bí afárá láti orí poro kan dé èkejì. Ẹ má ṣe fún maikirómítà jù, torí òjé rọ̀, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ rì.

Nínú No. 4 tèmi, ẹnu ìbọn fún mi ní 0.3138, ìdí rẹ̀ sì fún mi ní 0.3150. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi kálípà wọ̀n ọ́n, 0.311 ni mo kà, inú mi sì dùn pé ọta ọjà bá a mu. Odindi ọdún kan ni mo fi dá ojú ara mi lẹ́bi nítorí èyí.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ mọ bí ọ̀fun àti ọrùn ibùjókòó ṣe fẹ̀ tó

Ọta tó bá poro mu kò wúlò bí kátíríìjì kò bá lè wọ ibùjókòó rẹ̀ ní ìdí ìbọn. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ mú ìkarahun idẹ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn nínú ìbọn yẹn gan-an, kí ẹ má ṣe fi dáì kankan (irin oníhò tí a fi ń fún ìkarahun tàbí ọta dé ìwọ̀n) fún un, kí ẹ sì gbìyànjú láti fi ọwọ́ ti ọta tí ẹ fẹ́ lò sínú ọrùn rẹ̀. Bí ọta bá wọlé wọ́ọ́rọ́, àyè wà fún ọrùn láti ṣí nígbà ìyìn. Bí kò bá wọlé, ẹ dúró níbẹ̀. Ọrùn tí kò rí àyè ṣí yóò di ọta mú, ìfúnpá yóò sì ga lọ́nà tó léwu, bí ẹ̀tù tiẹ̀ kéré.

Ẹ lè fi ìṣirò tì í lẹ́yìn. Ẹ wọn nínípọn ọrùn ìkarahun, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí ẹ fi kún ìbú ọta. Ọta 0.315 pẹ̀lú ọrùn tó nípọn tó 0.012 yóò fún yín ní 0.339. Bí ẹ̀yìn ọrùn ìkarahun tí ẹ ti yìn bá jẹ́ 0.343, ìdá mẹ́rin ló kù, ó tó. Èmi kì í gbà kó dín sí ìdá méjì láé.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ibùjókòó àti ọ̀fun pọ̀ lè da Cerrosafe sínú wọn. Ó jẹ́ irin àdàlù tó ń yọ́ láàrin ìwọ̀n ìgbóná 70 sí 88 lórí Celsius, kò sì ní ṣe ìbọn ní nǹkan kan. Ẹ di ọ̀pá pa pẹ̀lú aṣọ ní ìwọ̀nba íǹṣì kan kọjá ọ̀fun, ẹ dà á láti ìdí, kí ẹ yọ ọ́ nígbà tó bá ti le. Ó máa ń sún kì ní ìbẹ̀rẹ̀, á sì padà dé ìwọ̀n ibùjókòó gan-an ní nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn tó tutù, lẹ́yìn náà á tún máa fẹ̀ sí i. Nítorí náà ẹ wò aago, kí ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí wákàtí yẹn bá pé.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ yan ọta

Fún ọta tí a fi bàbà bò, ẹ yan èyí tó bá ìbú poro mu tàbí tó fi ìdá kan kéré sí i. Ẹ má ṣe lo èyí tó tóbi ju poro lọ àfi bí ìwé ìtọ́sọ́nà tó ṣeé fọkàn tán bá sọ ọ́. Àmọ́ kí ni ẹni tí poro rẹ̀ jẹ́ 0.314 yóò ṣe nígbà tó jẹ́ pé 0.312 ni ọjà ní? Kó wá ọta tí ìdí rẹ̀ pẹlẹbẹ. Ọta Mark VII tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1910 wúwo tó 174 grain (ìwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn ọta àti ẹ̀tù), ìdí rẹ̀ pẹlẹbẹ, òjé rẹ̀ sì hàn síta níbẹ̀, ẹ̀tù sì máa ń ti ìdí náà kó ṣí gbòòrò díẹ̀ láti kún poro. Ọta tí ìdí rẹ̀ tín-ín-rín bí ìdí ọkọ̀ ojú omi dára nínú ọ̀pá tuntun, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pá tó ti jẹ, ó sábà máa ń já mi kulẹ̀.

Ọta òjé tí a dà ni mo fẹ́ràn jù fún ìbọn àtijọ́, nítorí pé a lè ṣe é ní ìwọ̀n tí ọ̀pá fẹ́. Ẹ jẹ́ kó fi ìdá kan sí méjì tóbi ju poro lọ. Bí ọ̀fun bá fẹ̀ ju poro, ọ̀fun ni kí ẹ bá ṣe, níwọ̀n ìgbà tí àyè ọrùn tí mo sọ nínú ìgbésẹ̀ karùn-ún bá ṣì wà. Fún No. 4 mi, 0.315 ni mo fi dáì sọ gbogbo wọn dà. Bí ẹ bá ń da òjé, ẹ ṣe é níta tàbí níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa, ẹ má jẹun níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tàbí aláboyún wà nítòsí, kí ẹ sì fọ ọwọ́ kí ẹ tó kan ohunkóhun nínú ilé. Omi kò gbọ́dọ̀ kán sínú òjé yíyọ́, torí yóò bú gbàmù sójú ènìyàn.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ má jẹ́ kí ọrùn ìkarahun fún ọta yín kéré

Ọ̀pọ̀ ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí tán, wọ́n á wá bà á jẹ́ níhìn-ín. Irin tó ń ṣí ọrùn nínú dáì .303 jẹ́ ti ọta bàbà 0.311 tàbí 0.312. Bí a bá fi ipá ti ọta òjé 0.315 sínú ọrùn tí irin yẹn ṣí, idẹ yóò fún òjé náà kéré padà, gbogbo wíwọ̀n di òfo. Ẹ ra irin ìṣíọrùn tó fi ìdá méjì kéré sí ọta yín, kó sì lè la etí ọrùn díẹ̀ kí ó má bàa fá òjé. Láti mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́, ẹ fi ọta sínú ìkarahun kan tí kò ní ẹ̀tù tàbí páímà, ẹ fi òòlù ìyọta yọ ọ́ padà, kí ẹ sì tún fi maikirómítà wọ̀n ọ́n. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti dín, ọrùn ló fún un.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ̀tù àti ìyìn àkọ́kọ́

N kò ní kọ ìwọ̀n ẹ̀tù kankan síbí. Ẹ mú un láti inú ìwé ìtọ́sọ́nà tí ilé iṣẹ́ ẹ̀tù tàbí ti ọta tẹ̀ jáde, fún kátíríìjì yẹn àti ọta tó wúwo bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Nígbàkígbà tí ẹ bá yí ìbú ọta padà, ẹ padà sí ìsàlẹ̀ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, bó tilẹ̀ jẹ́ ìdá kan ṣoṣo lẹ fi kún un. Kí alágbẹ̀dẹ ìbọn tó mọṣẹ́ ti yẹ bóòtù àti ibùjókòó wò ṣáájú.

Ẹ gbé pátákó sí yáàdì 25, kí ẹ yin márùn-ún. Ẹ wo ihò tí wọ́n lu kí ẹ tó wo bí wọ́n ṣe súnmọ́ra tó. Ihò tó gùn bí ihò kọ́kọ́rọ́ fi hàn pé ọta ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, kò dì mọ́ ilà, èyí tí ó sì máa ń fà á jù ni pé ó kéré. Ẹ wá yọ bóòtù, kí ẹ wo inú ọ̀pá. Òjé tó lẹ̀ mọ́ ìtòsí ọ̀fun sábà máa ń sọ pé ọta kéré tàbí ó rọ̀ jù. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ìtòsí ẹnu sábà máa ń sọ pé ọ̀rá tí a fi pa ara ọta òjé kò tó. Bí páímà bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tí bóòtù le láti ṣí, tàbí tí ìlà tó ń dán yọ lára ìkarahun ní ìtòsí ìdí rẹ̀, ẹ dá ìyìn dúró lọ́jọ́ náà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá dára ní yáàdì 25, ẹ lọ sí 50, lẹ́yìn náà 100. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ kò ní mọ èyí tó ṣe yín lóore.

Ẹ kọ nọ́ńbà ara ìbọn, ìwọ̀n ẹnu, ìwọ̀n ìdí, ìbú ọta, ìwọ̀n ẹ̀tù àti ọjọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì lẹ ìwé péńpé mọ́ àpótí kátíríìjì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ìbọn tó ni ín. Kátíríìjì 0.315 tí mo dì fún No. 4 mi kò gbọ́dọ̀ wọ .303 ọ̀rẹ́ mi tí poro rẹ̀ jẹ́ 0.311, bí a tilẹ̀ jọ dúró sórí ìlà ìyìn kan náà, nítorí náà àpótí tèmi ní téèpù pupa, nọ́ńbà ara ìbọn mi sì wà lórí rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà.